Àpá inú ẹ̀yìn: ohun tí MRI ń fi hàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti ohun tí kò lè sọ

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún àǹtí mi ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Ìrora náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó ń gba ìdí àti ẹ̀yìn itan, ó sì ń já sí àtẹ́lẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Wọ́n ní kó lọ ṣe MRI, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Ó lọ, ó sanwó, ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń han gooro mọ́ ọn létí fún bí ìdajì wákàtí, ó sì gbé àpò ìwé ńlá kan bọ̀ wálé. Nígbà tí mo ka ìwé inú rẹ̀ fún un ní pálọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan kan fara ti iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òsì. Ó lè jẹ́ àpá iṣẹ́ abẹ, ó sì lè jẹ́ dísìkì tó tún yọ. Kí wọ́n tún àwòrán yà, kí wọ́n sì fún un ní gadolinium, oògùn tó ń mú kí àwòrán túbọ̀ hàn.

Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí. "Ẹ̀yìn ń dùn ún" nìkan ló kọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó ẹ̀ẹ̀kan ṣe wọmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la sì fi wá owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé àpá lásán ló ń dùn mí tó báyìí?" Bí àǹtí mi ṣe béèrè nìyẹn. Ìbéèrè gidi ni. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni àwọn dókítà ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí di ìsinsìnyí, apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n tíì yanjú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Eegun márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, láàrin ìhà àti ìbàdí. Láàrin eegun kan sí èkejì ni dísìkì wà bí ìrọ̀rí: ara òde rẹ̀ yi bí awọ, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Lẹ́yìn àwọn dísìkì yìí ni ihò tí àpò omi kan gbà kọjá, inú àpò yẹn sì ni àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀, fún àpòòtọ̀ àti fún ìdí wà. Bí awọ òde dísìkì bá ya, inú rẹ̀ á ta jáde, á sì tẹ iṣan mọ́ eegun. Àárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún, àti àárín ìkarùn-ún àti eegun ìdí, ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Lórí ìwé àyẹ̀wò, wọ́n á kọ ọ́ ní L4-L5 àti L5-S1. Ní 1934 ni dókítà méjì ní Boston, William Mixter àti Joseph Barr, gbé ìwé jáde tó fi yé ayé pé dísìkì tó yọ báyìí ló ń fa ìrora ẹsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí làkúrègbé, àti pé bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ara lè tu ẹni náà.

Láti lè débẹ̀, oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ la awọ ẹ̀yìn, kó ya ẹran sọ́tọ̀, kó gé díẹ̀ nínú eegun, kó sì rọra fa iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè fa dísìkì tó yọ náà jáde. Kó tó di ọjọ́ náà, inú ọ̀rá ni iṣan yẹn jókòó sí, ó ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde bí èèyàn bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó ń nàró. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ á dì sí ibi tí ọ̀rá wà, ara á sì fi àpá dí ojú ihò náà. Ohun tí ara mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bí awọ ẹ̀yìn ṣe ń ní àpá tí ọwọ́ lè bà, bẹ́ẹ̀ ni inú lọ́hùn-ún ń ní tiẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí wọ́n ṣe é fún tí kì í ní i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹ̀rù ń bà nígbà tí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ àpá nínú ìwé àyẹ̀wò, wọ́n á rò pé oníṣẹ́ abẹ ló ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Nínú ẹ̀yìn, wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú àpá a máa jọ ojú dísìkì. Àwọn méjèèjì lè fara ti iṣan kan náà, kí àwọ̀ àwọn méjèèjì sì dà bí eérú lórí àwòrán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀. Dísìkì tó tún yọ, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí èèyàn márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣeé padà yọ, ara sì sábà máa ń tu ẹni tí wọ́n bá yọ ọ́ fún. Àpá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún la ẹ̀yìn nítorí àpá nìkan, àpá mìíràn ni ara máa fi dí ojú rẹ̀. Iṣan tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lè ya níbi tí wọ́n ti ń tú u, àwọn tí ara wọn sì ń yá dáadáa lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdí rèé tí àwòrán yìí fi ju àwòrán lọ. Òun ló ń sọ bóyá kí wọ́n tún gbé ọ̀bẹ tàbí kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Ó pẹ́ kí ojú tó ríran débẹ̀. X-ray kì í fi ju eegun hàn. Kò rí dísìkì, kò sì rí àpá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Sicard àti Forestier ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í da òróró tí X-ray lè rí sínú àpò omi ẹ̀yìn, kí wọ́n lè mọ ibi tí nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́ látòde. Ọgbọ́n ńlá ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àpò nìkan ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó burú ni pé òróró tí wọ́n wá ń lò lẹ́yìn ìgbà náà máa ń ṣẹ́kù sínú ara, ó sì mú kí iṣan àwọn kan wú, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àpá ń dá àpá sílẹ̀. Ẹ̀rọ CT, tó ń fi X-ray ya inú ara ní ìpele ìpele, dé ní 1971, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ Godfrey Hounsfield wo orí aláìsàn kan ní London, òun náà sì ran ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ díẹ̀. MRI ló wá yí i padà, pàápàá láti 1988 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn gadolinium àkọ́kọ́ fún lílò. Láàrin ọdún méjì, àwọn dókítà ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ti fi ohun tí wọ́n rí lórí àwòrán wé ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n tún ṣí ẹ̀yìn àwọn aláìsàn wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 96 ló bára mu.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí gadolinium ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é bàjẹ́ jù. Irin ni gadolinium. Bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ibi tó bá dé ni yóò tàn funfun lórí irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní T1. Dísìkì àgbàlagbà kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Èyí tó já bọ́ kò ní in rárá. Àpá ní tirẹ̀ kún fún òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ ya T1 láìfún aláìsàn ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa oògùn náà sí i ní apá, wọ́n á sì tún ya T1 kan náà ní ibi kan náà. Bí èèyàn bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tó dà bí eérú tẹ́lẹ̀ tó wá mọ́lẹ̀ yòò ni àpá. Èyí tó ṣì dúdú láàrin ìmọ́lẹ̀ yẹn ni dísìkì. Nígbà mìíràn àpá á yí dísìkì po, a ó wá rí dúdú kan tí òrùka funfun ká mọ́, bí ẹyinjú.

Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá pẹ́ nínú ara, tó fi tó bí ìdajì wákàtí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti inú àpá wọ inú dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dísìkì náà á sì funfun. Ẹni tó bá wá wo àwòrán yẹn lè sọ pé àpá ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá wọlé ló yẹ kí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fún èèyàn yín ní abẹ́rẹ́ tán, tí wọ́n wá ní kó jókòó sí kọ̀rídọ̀ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wọlé, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Yàtọ̀ sí àwọ̀, ìṣesí àwọn méjèèjì tún yàtọ̀. Dísìkì a máa ti nǹkan: á ti àpò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì sábà so mọ́ ibi tó ti jáde wá. Àpá ní tirẹ̀ a máa fa nǹkan mọ́ra, ojú ibi tó wà kì í tẹ́jú, ó sì ń rá wọ gbogbo àlàfo tí wọ́n ti yọ eegun. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, torí àpá mìíràn nípọn débi pé òun náà ń ti iṣan. Ìdí nìyẹn tí dókítà àwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ojú kan ṣèdájọ́.

Àkókò náà tún ṣe kókó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, inú ẹ̀yìn ṣì wú, ẹ̀jẹ̀ àti omi ṣì wà níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n bá yà sì lè dà bíi pé wọn kò yọ nǹkan kan rárá. Mo ti gbọ́ tí èèyàn ń sọ ọ́ pẹ̀lú omijé pé "wọ́n tàn mí jẹ, dísìkì mi ṣì wà níbẹ̀," nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹta ló ya àwòrán. Ohun tó tó MRI ní àkókò yẹn ni ewu: ibà pẹ̀lú ìrora tó ń le sí i dípò kó máa rọ̀, tí ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọ ojú iṣẹ́ abẹ, tàbí kí ìtọ̀ kọ̀ kò jáde, kí ẹsẹ̀ di aláìlágbára, kí ibi tó ń kan gàárì bí èèyàn bá gun ẹṣin kú tipiri. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ "màá lọ lọ́jọ́ Ajé". Ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè àǹtí mi: ṣé àpá ló ń dùn ún?

Ní 1996, àwọn kan nínú àwọn ará Cleveland ọjọ́sí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 197 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ dísìkì fún. Àwọn tí àpá wọn pọ̀ gan-an ni ìrora ẹsẹ̀ padà wá bá jù, ìlọ́po 3.2 ti àwọn tí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè ka ìyẹn kó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àmọ́ àwọn olùwádìí mìíràn wò títí, wọn kò rí i kí bí àpá ṣe tóbi tó bá bí ìrora ṣe le tó mu. Àwọn kan wà tí àpá bo iṣan wọn pátápátá tí wọ́n ń gbé garawa omi kiri. Àwọn kan wà tí tiwọn kò ju fọ́nrán òwú lọ tí wọn kò lè jókòó jẹun. Èyí kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ní 1990, Scott Boden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya MRI ẹ̀yìn èèyàn 67 tí ẹ̀yìn kò dùn rí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ní àbùkù gidi lórí àwòrán. Ẹni tí ara rẹ̀ le!

Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí sọ fún àwọn aláìsàn nìyí. Àwòrán lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò lè sọ ohun tó ń dùn. Ìrora lè wá láti ara iṣan tó ti fara gbọgbẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ rárá, tí kò sì tíì san. Láti ara dísìkì mìíràn lókè. Láti oríkèé ìdí. Láti ara ihò tó ti fún. Dókítà tó bá wo ìwé nìkan, tí kò gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, tí kò fọwọ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kó mọ̀ bóyá ó lè tì í, kò tíì yẹ aláìsàn náà wò. Bí àwòrán àti ara aláìsàn kò bá sọ ohun kan náà, ara ni kí wọ́n gbà gbọ́.

Orúkọ pàápàá ti ń yí padà nítorí èyí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ kan tó túmọ̀ sí "iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tó kùnà" pe ìrora tí kò lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Orúkọ náà ń dá aláìsàn àti oníṣẹ́ abẹ lẹ́bi pọ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ nípa ìrora dábàá orúkọ tuntun tó túmọ̀ sí ìrora ẹ̀yìn tí kò lọ, irú kejì, ìyẹn èyí tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ. Inú mi dùn sí i. Ẹni tí ara ń ro kò tún yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ìkùnà pè.

Àríyànjiyàn tó kù ni bóyá dandan ni gadolinium. Ìlànà àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà ṣì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ya ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún láìsí oògùn, kí wọ́n sì tún yà á pẹ̀lú oògùn. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ òde òní ríran ju ti 1988 lọ fíìfíì, àwọn dókítà kan sì ń sọ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán tí kò ní oògùn ti tó, pàápàá bí nǹkan ọ̀hún bá hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ ewu náà wà níbẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n rí i pé gadolinium ló wà nídìí àìsàn kan tó ń mú kí awọ àti ẹran ara le bí pákó lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an. Gadolinium lásán jẹ́ májèlé, nítorí náà inú èròjà mìíràn ni wọ́n ń dè é sí: irú kan dà bí okùn tó wé mọ́ ọn, irú kejì dà bí àgò tó há a mọ́ inú. Ti okùn ló máa ń tú jù. Ní 2017, ilẹ̀ Yúróòpù dá lílo ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ ti okùn dúró. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, ewu oògùn tó jẹ́ ti àgò kéré gan-an. Ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra ní láti sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, aboyún náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àríyànjiyàn yìí tún ní ojú mìíràn. Ìwádìí kan tí Godwin Ogbole láti Ibadan darí, tó jáde ní 2018, ka gbogbo ẹ̀rọ MRI tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. 84 ni wọ́n rí, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ni òòfà wọn kò lágbára. Wọ́n kàn ń ṣe dáadáa fún dísìkì àkọ́kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àpá le fún wọn, torí ọ̀rá máa ń funfun lórí T1, òòfà tó rẹlẹ̀ kì í sì lè pa funfun ọ̀rá mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ kí ti àpá lè dá yọ. Èyí ló fi jẹ́ pé ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, T1 tí wọ́n yà ṣáájú abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì ju ibikíbi lọ. Ẹni tó bá fò ó nítorí àtitètè ṣe tán ti sọ èyí tó tẹ̀lé e di àbá lásán. Bí wọ́n bá fi ìṣó irin sí ẹ̀yìn, òjìji irin náà á tún bo ibi tí wọ́n fẹ́ rí. Titanium kì í ṣe é tó irin mìíràn, CT sì lè dára jù bó bá jẹ́ eegun àti ìṣó gan-an ni wọ́n fẹ́ wò.

Ohun tí n bá fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún wa kí àǹtí mi tó lọ lákọ̀ọ́kọ́ kò pọ̀. Kí fọ́ọ̀mù sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, eegun wo ni wọ́n ṣe é sí, apá òsì tàbí ọ̀tún, àti ẹsẹ̀ wo ló ń dùn báyìí. Kí á gbé CD àti fíìmù àtijọ́ dání, èyí tí wọ́n yà ṣáájú iṣẹ́ abẹ gan-an, torí ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe rí kí iná tó jó o ló lè sọ ohun tó kù níbẹ̀. Àti àbọ̀ àyẹ̀wò kíndìnrín. Gbogbo rẹ̀ kò kún àpò nylọ́ọ̀nù kan.

A padà lọ lọ́jọ́bọ̀ kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti fi bírò kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sórí fọ́ọ̀mù náà kí n tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ fún àǹtí mi ní abẹ́rẹ́, ó ní, "Mummy, ẹ má mira o, kò ní pẹ́," ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà àwòrán pè wá wọlé, ó gbé àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka. Ibi tó dà bí eérú ní apá òsì ti mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sí dúdú kankan láàrin rẹ̀, ó sì fa ẹ̀gbẹ́ àpò omi mọ́ra díẹ̀.

"Àpá ni, Mummy. Dísìkì kò tún yọ."

Àǹtí mi wo ó títí. Ó ní, "Ṣé ẹ kò ní tún là mí?" Ọkùnrin náà ní rárá, pé dókítà rẹ̀ á sọ̀rọ̀ oògùn iṣan àti eré ìdárayá fún un, pé ó máa gba oṣù mélòó kan. Ìrora kò tíì lọ pátápátá títí di òní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ó ń rìn dé orígun àdúgbò, ó ń padà, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni di òun mú.